Orí, Ẹsẹ̀, àti Ojúbọ Ọwọ́ ní Ìbíní

Bí nǹkan bá yí bírí fún ọmọ Yorùbá, orí ló máa ń kọ́kọ́ pè. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní bí orí òun ṣe rí nìyẹn. Ọmọ yege ìdánwò, ìyá rẹ̀ á na ọwọ́ sókè, á ní orí ọmọ òun ló ṣe é. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn Àjàlá alámọ̀ tó ń mọ orí lọ́run, bí Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Àfùwàpẹ́ ṣe lọ yan orí nílé rẹ̀, tí òjò sì pa àwọn méjì àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà títí orí amọ̀ tí kò jinná fi ń jẹ wẹ́wẹ́. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Èyí tí a kì í sábà rántí ni ìtàn Ẹsẹ̀.

Ifá ló sọ ọ́. Gbogbo Orí pé jọ, wọ́n fẹ́ dá nǹkan ńlá sílẹ̀, wọn ò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù ní kò burú, a ó wò ó bí yóò ṣe gún. Kò gún. Ìjà ló dé bá ìpàdé náà, àfìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọ́n tó lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé akitiyan ẹ̀dá ni ẹsẹ̀ dúró fún nínú Ifá: orí tó dára jù lọ kò lè gbé ara rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Ó dùn mí pé ìtàn Àjàlá ni a fi ń tu ara wa nínú, tí a sì fi ti Ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn babaláwo.

Àwọn kan wà tí wọn ò fi akitiyan ẹ̀dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá mi kálọ sí Ìbíní. Airport Road bẹ̀rẹ̀ létí Ring Road tó wà láàárín ìlú, ó sì nà gbọọrọ lọ títí dé pápákọ̀ òfurufú. Ààfin Ọba wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà, níbi tí takisí, kèké àti àwọn tó ń kiri ọjà ti ń dí ara wọn lọ́nà láti àárọ̀. Ohun tó mú mi wá síbẹ̀ ni ohun kan tí wọ́n ń bọ ní ààfin yẹn àti nílé àwọn ìjòyè ńlá, tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Àwọn Ẹdó tó ni Ìbíní náà ní orí. Uhunmwun ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń bọ ọ́. Orí Ọba wà láàárín gbùngbùn ọdún Igue tí wọ́n máa ń ṣe lápá ìparí ọdún. Wọ́n tún ní Ehi, ìkejì ẹni tó wà lọ́run. Kí ènìyàn tó wá sáyé, yóò kúnlẹ̀ níwájú Osanobua, Ẹlẹ́dàá wọn, yóò sọ ohun tó fẹ́ wá ṣe, Ehi rẹ̀ yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí á ní àkúnlẹ̀yàn náà nìyẹn, kò sì jìnnà sí i. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé ìgbà 14 ni ènìyàn ń wáyé. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé àwọn Ẹdó fi ẹ̀kẹta kún un: ọwọ́. Obọ ni wọ́n ń pè é, ojúbọ rẹ̀ ni ikegobọ. Orí àti Ehi mú ìpín ẹ̀dá wá láti ọ̀run. Ọwọ́ ni ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tó délé ayé. Àwọn Ìgbò ní irú rẹ̀, ikenga.

Ikegobọ máa ń rí roboto bí ìlù kúkúrú tí wọ́n gbé kalẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ fún ẹni tó bá rí jẹ, tó sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ti idẹ jẹ́ ti Ọba, Ìyá Ọba àti Ezomo tó jẹ́ balógun ńlá. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán ọwọ́ sí i lára. Lórí àwọn mìíràn, ẹ ó rí orí erin, ọwọ́jà rẹ̀ á sì parí sí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn tó di ewé mú. Ẹran tó lágbára jù nínú igbó, ọwọ́ ènìyàn ni oníṣọ̀nà fi parí agbára rẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ti Ezomo Ehenua. Ehenua jagun fún Ọba Akenzua Kìíní ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ogun abẹ́lé fẹ́ tú Ìbíní ká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè Ezomo di àjogúnbá nínú ìdílé rẹ̀, ní Uzebu. Idẹ ni ikegobọ rẹ̀. Òun alára ló dúró gàgàrà lókè nínú aṣọ ogun, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yí i ká. R. E. Bradbury, ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn Ẹdó, kọ nípa ojúbọ yìí ní ọdún 1961. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé Ehenua kò tijú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì bù mọ́ ọn. Ogun tó jà ni wọ́n fi idẹ dà.

Lọ́dọ̀ wa, àwa a máa bẹ̀rù irú èyí. A ní ìgbéraga ni. Ṣùgbọ́n òwe wa kan wà tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní àkáràǹgbá kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ní òun ò mọ nǹkan kan ṣe, tó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ̀rọ ilé gbogbo ṣe láti ìgbà tó wà ní JSS, irọ́ ló ń pa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ka ohun tí kò ṣe mọ́ ara rẹ̀, irọ́ náà ni. Ìyì ara ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni kí ènìyàn lè tọ́ka sí ohun tó ṣe, bó ṣe wù kó kéré mọ, kó ní èmi ni mo ṣe èyí.

Ààfin tó wà ní Airport Road lónìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí irú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní. Iná jó ààfin, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó kú sí ní 1914. Ọdún 17 ni ìlú fi wà láìní ọba lórí ìtẹ́. Ọmọ Ovonramwen ló jọba lọ́dún 1914 náà, ó sì jẹ́ Eweka Kejì. Ìpín tó bá a kò ṣeé fẹnu sọ: òfin òyìnbó lórí rẹ̀, ilé baba rẹ̀ di ahoro, ohun ìṣẹ̀ṣe wọn ti tú ká sí àwọn mùsíọ́ọ̀mù Yúróòpù. Bó bá ní orí òun ló burú, ta ni yóò jà á níyàn? Ó tún ààfin kọ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ igi gbẹ́, ó mọ idẹ dà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nínú ọgbà ààfin kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa gbàgbé iṣẹ́ àwọn baba wọn. Èmi ò mọ ọba mìíràn tí mo lè fi wé e nínú ìyẹn.

Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí na ẹni tí wọ́n ti ṣe níkà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìpínlẹ̀ Edo ni wọ́n tàn lọ sí Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n mú wọn búra níwájú òrìṣà kí wọ́n tó lọ, wọ́n wá di gbèsè 20,000 owó euro àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lé wọn lórí, aṣẹ́wó ni wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe láti san án. Ẹ̀rù ìbúra yẹn di wọ́n lọ́wọ́ ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olórìṣà jọ sí ààfin, ó tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún ṣe é. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà kọ̀ láti san owó mọ́. Ẹ̀bi ohun tí wọ́n ṣe sí wọn kò sí lọ́rùn wọn rí. Ọba tú okùn. Pé wọn ò san kọ́bọ̀ mọ́, tiwọn nìyẹn. Èyí gba ìgboyà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní, nítorí àwọn tó ń gba owó náà mọ ilé ìyá wọn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ojúbọ ọwọ́ kù sí. Olówó àti jagunjagun ló wà fún jù, bẹ́ẹ̀ ni nínú àwọn obìnrin, Ìyá Ọba ni a mọ̀ mọ́ ọn. Aláìní àti ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ wọ́n fi le kò rí ikegobọ gbẹ́. Síbẹ̀, Ìbíní rántí ọ̀kan nínú wọn. Ní òdìkejì Ọjà Ọba, tí kò jìnnà sí ààfin, ère Emotan dúró síbẹ̀ láti ọdún 1954, nígbà ayé Ọba Akenzua Kejì. Ìtàn sọ pé oúnjẹ ló ń tà níbẹ̀, nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, kò sì bí ọmọ. Ó ń bá àwọn tó wá sọ́jà tọ́jú ọmọ wọn, ó sì ran ọmọ ọba tó wá di Ewuare Kìíní lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń dọdẹ ẹ̀mí rẹ̀, títí ó fi gba ìtẹ́ baba rẹ̀ padà. Títà ni ó ń tà ní gbogbo ìgbà náà.