Kí Ẹ Tó Ra Airbrush Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń kun mọ́tò ti mọ ìlàjì ọ̀rọ̀ airbrush: atẹ́gùn ló ń fọ́n ọ̀dà. Airbrush kàn kéré débi pé ìka mẹ́ta lè gbé e, torí pé àwọn ère ọmọ ogun tí wọ́n fi ike ṣe la fẹ́ fi kùn, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ayò Warhammer, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ.

Abẹ́rẹ́ gígùn kan la àárín airbrush kọjá láti ìdí dé imú, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà ló sì dí ihò tí ọ̀dà ń gbà jáde. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, atẹ́gùn nìkan ni yóò jáde. Tí ẹ bá wá fa bọ́tìnnì yẹn sẹ́yìn láìgbé ìka kúrò, abẹ́rẹ́ á sún, ihò á là, atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lẹ́nu ihò á fa ọ̀dà yọ, á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá ṣe fà á tó ni ọ̀dà yóò ṣe pọ̀ tó. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí ni kí ẹ rà, kí ife ọ̀dà rẹ̀ sì wà lókè, kí ọ̀dà lè máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ihò imú ló ń tan àwọn olùbẹ̀rẹ̀ jẹ. Wọ́n gbọ́ pé mìlímítà 0.2 ń fa ìlà tó tín-ín-rín gan-an, ni wọ́n bá sáré rà á. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀dà acrylic tètè máa ń gbẹ sẹ́nu irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wo 0.3 sí 0.5. Ihò airbrush Iwata Neo CN jẹ́ 0.35, ti Badger Patriot 105 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 0.5. Ti Badger ni mo fara mọ́ jù, torí pé ọwọ́ lásán la fi ń tú imú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́.

Ìdí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún airbrush ní atẹ́gùn, gan-an ló yẹ kí owó lọ. Èyí tí kò ní táǹkì kì í fún atẹ́gùn dọ́gba, ọ̀dà á sì máa jáde ségesège. Ẹ ra eléyìí tó ní táǹkì, gẹ́ẹ́jì àti ìgò kékeré tó ń gba omi sílẹ̀. Atẹ́gùn tí wọ́n fún pọ̀ máa ń yọ omi tó bá ti tutù, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sì ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, ẹ má rà á láìsí ìgò yẹn. Kí gẹ́ẹ́jì tó ń wọn agbára atẹ́gùn wà láàárín psi 15 sí 25 ti tó.

Tó bá wá kan ọ̀dà, ẹ pò ó, kí ẹ wá ta díẹ̀ sí ara ife nínú: tó bá ṣàn wálẹ̀ tó sì fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ti rí bó ṣe yẹ. Ojú ère àti bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré o. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ àti ibi tí àwọ̀ kan ti ń yọ́ wọnú òmíràn ni ti airbrush. Ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ sì ṣí fèrèsé, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé ọ̀dà náà kò léwu.