Wákàtí mélòó ló ń sọ èèyàn di mẹkáníìkì bàálù? Amẹ́ríkà ti yí ìdáhùn rẹ̀ padà

Títí di ọdún 2022, wákàtí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀kọ́ àtúnṣe bàálù ní Amẹ́ríkà. Òfin tí wọ́n ń pè ní Part 147 là á sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gbàwé àṣẹ láti tún ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lo wákàtí 1,900, ó kéré tán: 400 fún ìpìlẹ̀ iṣẹ́, 750 fún ara bàálù, 750 fún ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ 21, Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti wọ́gi lé iye wákàtí yẹn.

Kí ló fà á?

Láti ọdún 1962 ni Part 147 ti wà. Inú òfin náà gan-an ni wọ́n kọ orí ẹ̀kọ́ sí, nítorí náà kò rọrùn láti bá ìgbà yí. Ẹ̀kọ́ nípa bàálù onígi àti aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìyẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ dandan nígbà tí Boeing 787, tí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe irin rárá bí kò ṣe àwọn èròjà àpòpọ̀ bíi okùn kábọ́ọ̀nù, ti ń ná ojú sánmà. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, àwọn aṣòfin pàṣẹ fún FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, pé kó gbé òfin tuntun jáde.

Kí ló rọ́pò wákàtí?

Ìwé ìlànà kan ni, tó ń béèrè ohun mẹ́ta lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìmọ̀, ewu tó rọ̀ mọ́ ọn, àti iṣẹ́ ọwọ́. Ká mú bóòtù bí àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ irú èyí tó yẹ níbi kan, kó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá le jù tàbí tó dẹ̀ jù, kó sì fi wáyà dè é lójú olùdánwò kó má baà tú. Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìwé yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣèdánwò fún ìwé àṣẹ.

Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló kù sí láti pinnu bí ẹ̀kọ́ yóò ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan kò gbọ́dọ̀ mú ju akẹ́kọ̀ọ́ 25 lọ níbi iṣẹ́ ọwọ́, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáde tó sì ṣèdánwò láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá sì gbọ́dọ̀ yege.

Gbogbo ayé kọ́ ló gba ọ̀nà yìí. Ní Yúróòpù, wákàtí 2,400 ṣì ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún bàálù oní-tọ́báìnì ṣe. Èrò wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ọwọ́ kì í mọ iṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ìwé wákàtí ń jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ wá sí kíláàsì ni, kò jẹ́rìí pé ó mọ iṣẹ́. Amẹ́ríkà ti gbé ẹrù ẹ̀rí yẹn lé ìdánwò lórí, bí olùdánwò bá sì dẹwọ́ níbẹ̀, kò tún sí iye wákàtí tí yóò gbèjà arìnrìn-àjò.