Bí Àkàrà Ṣe Di Acarajé ní Ìlú Salvador

Oúnjẹ tí a fi ń dá ìlú Salvador mọ̀, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ni acarajé, àkàrà sì ni, yálà a fojú wò ó tàbí a fẹnu tọ́ ọ wò. Àwọn Potogí ni wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú ilẹ̀ náà títí di 1763. Nígbà tí ogun ń tú Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nagô, pọ̀ débi pé àwọn ẹrú mìíràn náà ń fi èdè wọn bára sọ̀rọ̀ nígboro. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé, bí àwọn obìnrin ṣe ń kiri àkàrà tí wọ́n sì ń pe èrò wá jẹ ẹ́, etí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá so "àkàrà" àti "jẹ" pọ̀, ìpolówó ọjà sì di orúkọ ọjà.

Ganhadeira ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà, ìyẹn ẹrú tí olówó rẹ̀ rán síta láti tajà, tí ó gbọ́dọ̀ máa san iye kan fún un, tí ó sì lè fi èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́. Ó lè jọ ìwọ̀fà lójú ẹni, àmọ́ ìwọ̀fà ń sin gbèsè ni, ẹrú yìí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan tọ́jú owó àtẹ títí wọ́n fi ra ara wọn padà, kí òfin 1888 tó fòpin sí oko ẹrú.

Títí dòní, aṣọ funfun àti gèlè ni ìyá alákàrà ń wọ̀ jókòó ti àtẹ rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ni ó ń fi ṣíbí onígi lù kí ó lè fúyẹ́, kí ó tó dà á sínú epo pupa tó ń hó, tí wọ́n ń pè ní dendê. Bí ó bá jinná, yóò là á láàárín, yóò ki vatapá, ìyẹn ọbẹ̀ kíki oníbúrẹ́dì, edé àti àgbọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, sí i nínú. Yóò wá bi oníbàárà bóyá gbígbóná ni ó fẹ́ tàbí tútù. Ata ni ó ń béèrè, kì í ṣe iná. Abará tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n sè, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni.

Àwọn àlejò tó bá gba Pelourinho kọjá, àdúgbò tí a fi orúkọ òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú lẹ́gba pè, máa ń wọ ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda, tí wọ́n ṣí ní 1873, sọ̀ kalẹ̀ sí Mercado Modelo, tí ó jẹ́ ilé aṣọ́bodè tẹ́lẹ̀. Ọjà ohun ìrántí ni ìyẹn. Ọjà São Joaquim, tí àwọn ọlọ́jà kó lọ lẹ́yìn tí iná jó ọjà Água de Meninos ní 1964, ni ẹni tó fẹ́ rí epo, edé, obì àti orógbó yẹ kó lọ.

Nínú Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti Bùràsíìlì, Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã, ló ni acarajé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ni àkàrà nílé. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Àmọ́ àwọn Kristẹni kan tó ń tà á ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí bolinho de Jesus, ìyẹn àkàrà Jésù, bẹ́ẹ̀ epo kan náà ni wọ́n fi ń dín in.