Yíyan Apínná tí ó Ṣeé Gbọ́kàn Lé fún Kọ̀ǹpútà Géèmù

1. Ìfáárà

Bí ènìyàn bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ṣe géèmù, ohun tí ó sábà máa ń gbà á lọ́kàn ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà àti káàdì àwòrán rẹ̀. Lórí àwọn méjèèjì yìí ni owó rẹ̀ máa ń tán sí. Owó tí ó bá ṣẹ́kù ni ó máa fi ń ra àpótí irin kékeré tí ń gbé iná fún gbogbo wọn. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Bí káàdì àwòrán bá bàjẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé òun nìkan ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí àpótí irin náà bá bàjẹ́ lọ́nà búburú, ó lè ba gbogbo ohun tí ó ń gbé iná fún jẹ́ pẹ̀lú ara rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí olùrà mọ iṣẹ́ tí àpótí yìí ń ṣe, kí ó sì mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń fi nọ́ńbà ńlá tan ènìyàn jẹ.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó

(i) Fóltì, áńpíà àti wáàtì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iná, ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ń jó, ohun tí ń mọ́lẹ̀ àti ohun tí ń gba inú wáyà kọjá. Èyí kò mú wàhálà wá nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kò tó láti sọ pé iná kan "pọ̀", nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà wọ̀n ọ́n. Fóltì ni ìwọ̀n ipá tí ń ti iná. Áńpíà ni ìwọ̀n bí iná tí ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Wáàtì ni ìwọ̀n agbára tí ó ń jáde láti inú méjèèjì: bí a bá sọ iye fóltì di púpọ̀ ní iye áńpíà, wáàtì ni yóò jẹ́ èsì.

(ii) Iná àlọ-àbọ̀ àti iná ọ̀nà-kan. Iná tí ó wà lára ògiri ilé jẹ́ iná àlọ-àbọ̀. Ní Nàìjíríà, ó ń lọ, ó sì ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ìwọ̀n 230 fóltì tàbí 240. Àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà kò lè lo irú iná bẹ́ẹ̀. Iná ọ̀nà-kan tí ó rẹlẹ̀, ti fóltì 12, 5 àti 3.3, ni wọ́n ń lò.

(iii) Apínná. Yorùbá ti fi orúkọ náà "amúnáwá" fún jẹnẹrétọ̀. Àpótí inú kọ̀ǹpútà kì í mú iná wá. Iná tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń gbà, tí ó ń pa dà láti àlọ-àbọ̀ sí ọ̀nà-kan, tí ó sì ń pín fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, apínná ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

3. Wáàtì mélòó ni ó tó?

Káàdì àwòrán RTX 3080, tí Nvidia gbé jáde ní ọdún 2020, ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Káàdì yìí ń lo 320 wáàtì. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń lo 140, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù sì ń lo 60, àpapọ̀ wọn jẹ́ 520 wáàtì. Ẹni tí ó bá wo ìṣirò yìí lè rò pé apínná 550 wáàtì ti tó. Kò tó. Iná tí káàdì àwòrán ń fà kì í dúró sójú kan. Ó lè fò sókè gidigidi láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó sì tún wálẹ̀. Bí apínná kò bá lè fara da irú ìfòsókè bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò kú lójijì nígbà tí eré bá gbóná. Ìdí nìyí tí Nvidia fi dámọ̀ràn apínná 750 wáàtì fún káàdì náà. Apínná tí kò bá ní àyè láti mí kò ṣeé gbọ́kàn lé.

4. Ohun tí àkọlé ara apínná ń sọ

(i) Ẹ̀ka 12 fóltì. Láti ẹ̀ka yìí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán ti ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo apínná méjì tí wọ́n kọ 750 wáàtì sí lára. Àkọlé ti èkínní sọ pé ẹ̀ka 12 fóltì rẹ̀ lè gbé 62 áńpíà. Èyí jẹ́ 744 wáàtì. Ti èkejì lè gbé 38 áńpíà péré. Èyí jẹ́ 456 wáàtì. Nọ́ńbà ńlá tí ó wà níwájú àwọn méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n èkejì kò lè gbé kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí.

(ii) Ìwọ̀n àìṣòfò. Kò sí apínná tí kì í sọ díẹ̀ nínú iná tí ó gbà di ooru. Bí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà bá ń lo 450 wáàtì, apínná tí ìwọ̀n àìṣòfò rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 yóò fa 500 wáàtì láti ara ògiri. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ ìdá 75 yóò fa 600. Lójú ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ìyàtọ̀ 100 wáàtì yìí kì í ṣe ohun kékeré. Àmì 80 PLUS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, ni wọ́n fi ń fi ìwọ̀n yìí hàn, ó sì ní ìpele bíi Bronze, Gold àti Titanium. Ṣùgbọ́n àìṣòfò nìkan ni àmì náà jẹ́rìí sí. Kò sọ bóyá fóltì apínná náà dúró ṣinṣin, kò sì sọ bóyá ó ní ààbò.

(iii) Ìdúróṣinṣin àti ààbò. Ìlànà ATX, tí Intel dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, fẹ́ látilẹ̀wá kí ẹ̀ka 12 fóltì wà láàárín 11.4 àti 12.6. Apínná tí ó dára gbọ́dọ̀ lè pa ara rẹ̀ bí fóltì bá pọ̀ jù, bí ẹrù bá wúwo jù, bí wáyà bá kan ara wọn, tàbí bí ooru bá kọjá ààlà. Ààbò wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí jàǹbá kan di méjì.

5. Apínná àti iná tí ń lọ tí ń bọ̀

Apínná ní kapásítọ̀ ńlá nínú, èyí tí ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́. Bí iná bá lọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò gbé kọ̀ǹpútà ró fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà náà kúrú: nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16 ni ìlànà ATX béèrè fún látilẹ̀wá. Àlọ àti àbọ̀ kan ṣoṣo iná Nàìjíríà ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 20. Nítorí náà, kò sí apínná tí ó lè dúró de ẹni tí ń fi ọwọ́ yí iná sí jẹnẹrétọ̀. UPS tí ń tètè gba iṣẹ́ nìkan ni ó lè dí àlàfo yìí.

Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Ọ̀tìgbá ní Ìkẹjà, tàbí níbòmíràn, ní ohun mìíràn láti yẹ̀ wò. Àwọn apínná kan ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn, tí a lè yí sí 115 tàbí 230. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà dé, tí ó sì wà ní 115, yóò bú gbàmù bí wọ́n bá kì í bọ iná Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n kọ "100–240" sí lára kò nílò bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀.

6. Ìkádìí

Kí olùrà kọ́kọ́ ṣírò wáàtì, kí ó fi àyè sílẹ̀, kí ó ka áńpíà ẹ̀ka 12 fóltì, kí ó wo ìwọ̀n àìṣòfò, kí ó sì bi òǹtajà nípa ààbò. Bí apínná bá ní wáyà tí ó ṣeé yọ, kí ó má ṣe lo wáyà apínná mìíràn fún un, nítorí pé ètò ihò wọn lè yàtọ̀. Kí ó má sì ṣe tú apínná láé: iná lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Yorùbá ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó bá náwó lé apínná tí ó dára, gbogbo ẹ̀yà yòókù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ó dáàbò bò.