Ife-Ẹ̀yẹ Tí Ìdíje Rẹ̀ Ti Kú

Láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Ẹgbẹ́ kan gba ife ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ìdíje tí wọ́n ti gba ife náà kò sí mọ́: àwọn tó dá a sílẹ̀ ti fòpin sí i, tàbí wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí orílẹ̀-èdè tó ń ṣe é ti yí orúkọ padà. Ṣé ife náà ṣì níyì? Àwọn ọ̀dọ́ wa lè ka iye ìgbà tí Real Madrid gba ife Yúróòpù láìṣì í kà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí Shooting Stars ti Ìbàdàn ṣe ní 1976, tàbí ibi tí Étoile Filante ti Lomé dé ní 1968. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní: « Monsieur, ìdíje wo tún nìyẹn? » Bí a bá ṣàlàyé fún wọn pé ìdíje náà ti parí, ẹ̀rín náà á tún pọ̀ sí i. Lójú tiwọn, ohun tí kò sí mọ́ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní 1975 ni CAF, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfríkà, dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún kejì, Tonnerre tún dé ìpele àṣekágbá, Roger Milla sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹni tí a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfríkà lọ́dún 1976 yìí kan náà. Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, ni ó dojú kọ wọ́n. Ní Ìbàdàn, ó di góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Ní Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan wọlé, kò sì tó wọn láti gba ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn padà. Báyìí ni ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà ṣe gba ife Áfríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ta ni ó wà nínú ẹgbẹ́ Ìbàdàn yẹn? Segun Odegbami wà níbẹ̀, Muda Lawal wà níbẹ̀, Best Ogedegbe sì ni aṣọ́lé. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Èkó, àwọn mẹ́ta yìí wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó na Algeria ní 3 sí 0 láti gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà. Odegbami gbá méjì wọlé, Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ń sọ pé ife 1976 kò já mọ́ nǹkan, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tó gbà á àti ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa kò mọ òṣùwọ̀n mìíràn tó tọ́ jù èyí lọ. Ife kì í fúnra rẹ̀ wúwo. Ẹni tó dúró ní ìhà kejì pápá ni ó ń sọ ọ́ di wúwo.

Ìdíje yẹn parí ní 2003. Ní 2004, CAF da á pọ̀ mọ́ ìdíje mìíràn tó ń jẹ́ Coupe de la CAF, wọ́n sì sọ méjèèjì di ẹyọ kan tí a ń pè ní Coupe de la Confédération títí di òní. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Shooting Stars níbí. Coupe de la CAF tó kú yìí, 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Shooting Stars náà ni ó sì kọ́kọ́ gbà á, lọ́wọ́ Nakivubo Villa ti Uganda: òmì ní Kampala, góòlù mẹ́ta sí òdo ní Ìbàdàn. Nítorí náà, ife Áfríkà méjì ni ẹgbẹ́ yìí ní, ìdíje méjèèjì sì ti kú. Ní ìdíje tó ṣì wà láàyè, èyí tí a ń pè ní Ligue des champions lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé ìpele àṣekágbá, ní 1984 àti ní 1996. Zamalek ti Íjíbítì ni ó sì dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí ẹni pé ẹnìkan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Ará Aba á ní Enyimba ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife tó ga jù lọ, ní 2003, wọ́n sì tún gbà á ní 2004. Òótọ́ ni. Ará Ìbàdàn á ní àwọn ti gba ife Áfríkà kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Enyimba tó dáyé. Òótọ́ náà ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, a ó sọ pé 1976 tóbi ju 1992 lọ. Ìdíje 1992 jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé aṣẹ́gun nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn, kì í ṣe ti àwọn aṣẹ́gun gan-an. Ṣùgbọ́n ife 1992 ní ohun kan tí òmíràn kò ní: orúkọ Moshood Abiola ni wọ́n fi pè é. Ní ọdún kejì, ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu 1993, ọkùnrin Abẹ́òkúta yìí kan náà jáwé olúborí nínú ìdìbò ààrẹ tí ìjọba ológun fagi lé. Ní 1998, ó kú sí àtìmọ́lé. Ife tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lò tó ọdún márùn-ún sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀, Raja ti Casablanca sì ni ó gbà á kẹ́yìn. Àwọn tó gba ife náà ní Ìbàdàn gba orúkọ ọmọ Yorùbá kan wálé. Ìyẹn kò sí nínú ìṣirò CAF.

Ní Lomé, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1968, Étoile Filante dé ìpele àṣekágbá ife àwọn aṣẹ́gun Áfríkà. Englebert ti Lubumbashi, tí a mọ̀ sí Mazembe lónìí, gbá góòlù márùn-ún wọlé ní ilé wọn láìgba ẹyọ kan. Ẹlòmíràn ì bá ti gbà pé ó parí. Ní Lomé, Étoile Filante gbá mẹ́rin wọlé, wọ́n gba ẹyọ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́rin, Englebert sì gbé ife lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé bí Englebert kan náà ṣe gba ife ní ọdún tó ṣáájú, 1967. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú Asante Kotoko ti Ghana parí sí òmì. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá ní Yaoundé, Kotoko kò wá, wọ́n sì gbé ife fún Englebert. Nínú ìwé, 1967 jẹ́ ife, 1968 ti Lomé kò sì jẹ́ nǹkankan. Àwa rò pé olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó mọ ohun tó ń ṣe yóò fẹ́ràn góòlù mẹ́rin Lomé ju ife tí ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù fún lọ. Ọmọ Lomé mìíràn, OC Agaza, náà dé ìpele àṣekágbá ní 1983, nínú ìdíje tí Shooting Stars gbà ní 1976. Ìdíje náà ti lọ báyìí, ìrántí Agaza sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ife kan wà tàbí kò sí? Àwọn àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù gbà pé àwọn ni. Ìtàn tó dùn jù lọ lórí èyí wá láti Salvador ti Bahia, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bahia gba ife Taça Brasil ti 1959, ìdíje tó kó àwọn aṣẹ́gun ìpínlẹ̀ Brazil jọ. Santos ni wọ́n nà nínú àṣekágbá, Santos ti Pelé. Nípasẹ̀ ife yẹn ni Bahia fi di ẹgbẹ́ Brazil àkọ́kọ́ tó kópa nínú Copa Libertadores, ní 1960. Taça Brasil parí ní 1968. Nígbà tí wọ́n dá líìgì orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣẹ́gun láti ìgbà náà, bí ẹni pé kò sí aṣẹ́gun rí. Bahia tún jẹ aṣẹ́gun ní 1988, wọ́n sì ní ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Nínú oṣù Ọ̀pẹ 2010 ni àjọ bọ́ọ̀lù Brazil ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé Taça Brasil bá líìgì dọ́gba. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Bahia di aṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ọjọ́ yẹn ni wọ́n na Santos? Rárá. Àwọn ará Salvador kò dúró de ìwé kí wọ́n tó máa yangàn. Ìkéde náà tilẹ̀ mú ohun ẹ̀rín wá. Nítorí ìdíje méjì ni wọ́n sọ di líìgì lẹ́ẹ̀kan náà, Palmeiras tó gba méjèèjì ní 1967 wá di aṣẹ́gun Brazil lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ní 1968, aṣẹ́gun méjì ni Brazil ní, Santos àti Botafogo. Bí òfin bá fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí kò ní ṣàìṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí Ítálì gbà yàtọ̀, àwa sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ní 1944, nígbà tí ogun pín ilẹ̀ náà sí méjì, ẹgbẹ́ àwọn panápaná ìlú La Spezia na Torino, ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ ní Ítálì nígbà náà, ní 2 sí 1. Àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì kò ka ọdún yẹn sí líìgì. Ní 2002, wọ́n fún Spezia ní ife ọlá: wọ́n kò kà á mọ́ àwọn ife líìgì yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Spezia sì ń fi àmì kékeré kan sára aṣọ wọn nítorí rẹ̀. Kò pọ̀ jù, kò kéré jù.

Ó tún yẹ kí a rántí pé nígbà mìíràn ìdíje wà láàyè, ẹgbẹ́ ni ó kú. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì Nàìjíríà ní 1986. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife Nàìjíríà ní 1985 àti ní 1987. Àwọn olówó ni ó ń bọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí olówó ká ọwọ́ kò, ẹgbẹ́ túká. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wọ jẹ́sì wọn wọ pápá lọ́jọ́ Àìkú láti gbèjà wọn. Ife tí kò ní olólùfẹ́ mọ́ ni ó kú jù lọ.

Àwa ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, ìlú sì dahoro fún ọdún bíi méje, títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Abomey tí àwọn ọmọ Kétu fi rí ọ̀nà padà sílé. Ta ni ó sọ pé kí a máa ka Alákétu láti ìgbà tí ìlú tún dìde nìkan? Kò sí. Baba Ẹlẹ́gùn, tí ìlú fi ìtàn àwọn ọba sí lọ́wọ́, ń ka orúkọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Bọ́ọ̀lù wa kò ní Baba Ẹlẹ́gùn.

Nígbà ìjọba Faransé, láti 1947, ìdíje kan wà fún àwọn ẹgbẹ́ gbogbo ilẹ̀ AOF, Dàhòmì sì wà lára wọn. AOF túká, ìdíje náà bá a lọ. Lẹ́yìn òmìnira 1960, a ní líìgì Dàhòmì. Ní 1975, Dàhòmì di Benin, àwọn ẹgbẹ́ tuntun sì dìde tí a fi orúkọ ẹkùn ìpínlẹ̀ sọ: Dragons de l'Ouémé ní Àjàṣẹ́, Requins de l'Atlantique ní Kútọnu, Buffles du Borgou ní Parakou. Ẹgbẹ́ tó jẹ aṣẹ́gun Dàhòmì, aṣẹ́gun orílẹ̀-èdè tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ mọ́ ni. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ Benin tó tíì gba ife Áfríkà. Bí a bá sì da àwọn ife ilé wọ̀nyí nù, kò sí ohun tí yóò kù lọ́wọ́ wa.

Lọ́dún tó kọjá, a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí àwọn àgbà Àjàṣẹ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ti ń wò ó ṣáájú 1975. Iṣẹ́ wọn ni láti béèrè orúkọ, ọdún àti iye góòlù, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Faransé. Àwọn kan mú àwòrán tí eruku ti bò wálé. Àwọn kan mú jẹ́sì kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láàárín ẹgbẹ́ Àjàṣẹ́ àti ẹgbẹ́ Kútọnu, bàbá mẹ́ta sọ iye góòlù mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ọ̀kan nínú wọn sì búra pé òun ni òun gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Àwọn ọmọ béèrè lọ́wọ́ wa èwo ni kí wọ́n kọ. A ní kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.