Ṣíṣọ́ Oúnjẹ Jẹ àti Ebi Tó Ń Fi Sílẹ̀

Ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ kí ara lè rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í tán lọ́jọ́ tí ènìyàn bá pa á tì. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì ti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a máa ru ọ̀rọ̀ oúnjẹ kiri bí ẹni ru gbèsè. Bó bá ń jẹ àmàlà, á máa ka òkèlè. Bó bá sì fi ọ̀sán pebi mọ́nú, á dìde láago mọ́kànlá òru, á rẹ gàrí, á da ṣúgà àti ẹ̀pà sí i, á mu abọ́ kan, á mu ìkejì, á wá jókòó ti abọ́ òfìfo pẹ̀lú ìtìjú. Ará ilé á ní ọ̀kánjúà ni. Òun náà á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdánwò kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ọ̀kánjúà kọ́.

Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, Ancel Keys, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ sábẹ́ pápá ìṣeré yunifásítì náà. Àwọn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ni, tí wọ́n sì fẹ́ fi nǹkan mìíràn sin ìlú. Ogun Àgbáyé Kejì ti fi ebi lu Yúróòpù. Keys fẹ́ mọ bí a ṣe ń bọ́ ẹni tí ebi ti pa kí ó lè padà bọ̀ sípò. Wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta jẹun tó bó ṣe yẹ, nǹkan bí kálórì 3,200 lójúmọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1945 ni wọ́n bu oúnjẹ náà kù sí bí 1,570: pòtétò, búrẹ́dì, makaróní, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà. Kí ẹni tó ti ra ìwé ètò oúnjẹ rí wo iye yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Púpọ̀ nínú àwọn ètò tí wọ́n ń tà kiri lónìí, 1,200 ni wọ́n ń pàṣẹ.

Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ. Òtútù ń mú wọn nínú ooru oṣù keje. Ọkàn tó ń lù ní bí ìgbà 55 ní ìṣẹ́jú kan wá ń lù ní bí ìgbà 35. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ló yani lẹ́nu jù. Àwọn ọkùnrin tí kò ka ilé ìdáná sí rí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìdáná. Ọ̀kan nínú wọn ní tó ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń bu omi sí oúnjẹ kí ó lè pọ̀, wọ́n ń lá abọ́, wọ́n ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìṣèlú kò dùn lẹ́nu wọn mọ́. Ara àti ọkàn àwọn wọ̀nyí pé, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe yàn wọ́n. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: Keys fi ìwé alápá méjì sọ ohun kan náà ní ọdún 1950.

Apá tó wúlò jù fún ẹni tó ń wá ìwòsàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún oúnjẹ wọn, ara wọn kò yé sọkún ebi. Keys rí i pé ó máa ń gbà tó kálórì 4,000 lójúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí irú ara bẹ́ẹ̀ tó lè tún ara rẹ̀ mọ. Nígbà tí wọ́n wá tú wọn sílẹ̀, àwọn kan jẹun títí inú fi ń ro wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Ọ̀rá ló kọ́kọ́ padà, kí iṣan tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń ráhùn pé ikùn àti itan àwọn ti rọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, kí ara tó rọra padà síbi tó wà. Ibi tí ikùn ti ń rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù, tí wọ́n á tún sá padà sídìí ìṣọ́jẹ.

Ara kò mọ̀ pé torí aṣọ ẹbí ni olówó rẹ̀ ṣe ń pebi mọ́nú. Ìyàn ló rò pé ó mú. Leptin, họ́móònù tí wọ́n ṣàwárí ní 1994, inú ọ̀rá ló ti ń wá láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílé. Bí ènìyàn bá ń dín oúnjẹ kù, leptin á wálẹ̀, ghrelin tó ń ti inú ikùn ké pe ebi á sì gòkè. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tọpa ènìyàn 50 tó dín ara wọn kù lọ́nà yìí. Ìwádìí náà jáde ní 2011. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn họ́móònù wọn kò tíì padà sípò.

Ọkàn náà ní tirẹ̀. Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì, Herman àti Mack, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní mílíìkì aládídùn mu, wọ́n sì gbé áísíkiriìmù síwájú wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ, mílíìkì ti yó wọn, díẹ̀ ni wọ́n tọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ jẹ wá jẹ púpọ̀ sí i: òfin òní ti yẹ̀, ó kúkú ti bàjẹ́.

Ìwòsàn wá bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjẹun déédéé. Ẹni tí ebi rẹ̀ ti dàrú kò tíì lè gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí náà aago ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ lé: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, pẹ̀lú ìpanu láàárín. Lẹ́yìn èyí ni ó kan gbígbẹ́sẹ̀ kúrò lórí èèwọ̀. Evelyn Tribole àti Elyse Resch, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí èyí ní 1995. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí kò fẹnu kan dòdò fún ọdún márùn-ún. Alẹ́ àkọ́kọ́, á jẹ ẹ́ tán pátápátá, á tún wo ìsàlẹ̀ àwo. Bí dòdò bá ń wà lórí tábìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó kọ̀ ọ́, ó lè di alẹ́ kan tí á ṣẹ́ ku ẹyọ méjì sínú àwo, tí kò sì ní ṣàkíyèsí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi èyí tàpá sí ìlànà dókítà. Ẹni tó ń kì ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun láti bì, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oúnjẹ tó dé lójijì lè da èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rú, kó sì ṣe ọkàn ní jàǹbá.

Ti ìrísí ara ló ń pẹ́ jù. Ẹnu tó ń pe ènìyàn ní “ọ̀rọ̀bọ̀” lóde ìnáwó ni yóò kí i lọ́dún tó ń bọ̀ pé, “O mà ti rù o, ṣé kò sí?” Kò sí ìwọ̀n ara tó lè tẹ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ohun tó wà níkàáwọ́ ẹni ni aṣọ: èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ tí ara á dínkù, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kó tú ojú rírán rẹ̀ sí i.

Ní 2003 sí 2004, wọ́n bi 18 nínú àwọn ọkùnrin Minnesota, tí wọ́n ti darúgbó, pé ó tó ìgbà wo kí ara wọn tó padà bọ̀ sípò. Èsì wọn wà láàárín oṣù méjì sí ọdún méjì.