Ẹ̀kọ́ Eré Ìmárale ní Kọ́múnítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì California

Kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, lé ní 100. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè wọlé, ì báà ní ìwé ẹ̀rí girama, ì báà má ní in. Dọ́là 46 ni ará ìpínlẹ̀ náà ń san lórí yúnìtì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́. Ti àlejò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ká mú ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ wò. Yúnìtì kan ni kíláàsì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, bíi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Olùkọ́ ń pe orúkọ, ó ń fúnni ní máàkì, èsì náà sì ń wọ ìwé tí yunifásítì máa yẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú. Nínú adágún kan náà, ọmọ ọdún 19 lè máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí tí wọ́n bá ń lúwẹ̀ẹ́, kí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì máa fi ẹsẹ̀ gbá omi nítòsí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kíláàsì fún aláàbọ̀ ara pẹ̀lú, níbi tí olùkọ́ ti ń wo ohun tí apá àti ẹsẹ̀ oníkálukú lè ṣe kó tó yan eré fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ di kóòṣì tàbí olùkọ́ eré ìmárale lè gba ìwé ẹ̀rí kinesiology (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń gbéra), tó jẹ́ yúnìtì 60. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló le jù níbẹ̀. Ní ti eré fúnra rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́fà ló wà: eré inú omi, ìjà, ijó, ìmárale, eré àdáṣe àti eré ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú mẹ́ta nínú wọn. Òfin 2010 ló mú kí ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí náà ní àyè tó dájú ní California State University, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta. Pẹ́ kí òfin yìí tó dé ni Jackie Robinson, eléré tó fòpin sí ìdènà tí wọ́n fi ń yọ aláwọ̀ dúdú kúrò nínú baseball àgbà ní 1947, ti gba Pasadena Junior College kọjá kó tó lọ sí UCLA.

Ibi tó ń dùn mí ni òfin nípa títún kíláàsì kan náà ṣe. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì eré kan náà títí dé ìgbà mẹ́rin. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, tí owó ìjọba sì dín kù, àyè há fún àwọn tó ń wá ìwé ẹ̀rí. Láti 2013, ẹni tó bá ti yege kò lè tún un ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín yoga àti ìlúwẹ̀ẹ́ sí ìpele ìpele, ìpele náà kì í sì í ju mẹ́rin lọ. Òfin náà kò kan àwọn eléré tó ń ṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo gbà pé owó kò tó, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ìṣirò: ẹni tó bá dá ìmárale dúró fún oṣù mẹ́ta, okun rẹ̀ á joro, pàápàá àgbàlagbà.

Ọ̀nà kan ṣì wà fún àwọn àgbà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní kíláàsì tí kò ní yúnìtì, tí wọ́n ń pè ní noncredit, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in, nítorí náà ẹni tó ní òbí lọ́hùn-ún, kó kọ́kọ́ béèrè kíláàsì noncredit ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kó tó sanwó yúnìtì.